Ẹ Jẹ́ Kí Sáfà Mọ̀ Yín Kó Tó Bá Yín Jíṣẹ́

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí dá lórí ímeèlì: èyí tó kọ̀ tí kò lọ, èyí tó lọ tí kò dé, àti èyí tó dé àmọ́ tí kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló kọ ọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi í ránṣẹ́) fún àwọn ilé ìwé àti iléeṣẹ́ kéékèèké nílùú Ìbàdàn. Lójoojúmọ́ ni mò ń ka àkọsílẹ̀ tí àwọn sáfà yẹn ń ṣe nípa ẹni tí wọ́n gbà wọlé àti ẹni tí wọ́n dá padà, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Mo ti gé àwọn lẹ́tà yín kúrú, mo sì ti yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi ni bọ́sà ilé ìwé aládàáni kan ní Òṣogbo. Ilé ìwé wa ní dòméènì tirẹ̀, ìyẹn orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn @, orí rẹ̀ sì ni ímeèlì wa wà. Tí mo bá wà ní ọ́fíìsì, kò sí wàhálà. Tí mo bá délé tí mo fi dátà fóònù gbé láptọ́ọ̀pù wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì ń wọlé dáadáa, mo sì lè kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà àti àwọn olùkọ́ wa, ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ tí mo bá kọ sí òbí kan báyìí, ojú ẹsẹ̀ ló máa dá a padà, á ní "Relay access denied". Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà, pàbó ló já sí. Ọmọ tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*
*– Bọ́sà, Òṣogbo*

Ẹ kú làálàá, sà. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Inú lẹ́tà yín gan-an ni ìdáhùn wà: ó ń lọ láti ọ́fíìsì, kò lọ láti ilé, ó ń dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, kò dé ọ̀dọ̀ òbí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, tó ka ìyẹn, ti mọ ibi tó ń yọ.

Ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà wọlé sínú láptọ́ọ̀pù yín yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní IMAP tàbí POP3 ló ń gbé e wọlé, kò sì sí sáfà tó máa kó lẹ́tà onílẹ́tà fún èèyàn láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù. SMTP ló ń gbé e jáde, ètò tirẹ̀ sì dá wà lọ́tọ̀ nínú áàpù. Ẹni tó ṣètò láptọ́ọ̀pù yín fi páásíwọ́ọ̀dù sí apá ìgbawọlé, kò fi sí apá ìfiránṣẹ́. Bí ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà nígbà ọgọ́rùn-ún, nígbà tí áàpù kò mú un jáde síta tó bá ń firánṣẹ́, sáfà kò lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Kí ló wá dé tó fi ń lọ láti ọ́fíìsì? Ẹni tó gbé sáfà yín kalẹ̀ ti sọ fún un pé kó gba ohunkóhun tó bá wá láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwé. Kí ló dé tó fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́? Gbogbo sáfà ló gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òbí kankan ò ní lè kọ̀wé sí yín láéláé. Àmọ́ kí àlejò tí kò sọ ẹni tó jẹ́ gbé lẹ́tà fún un pé kó bá òun mú un lọ sọ́dọ̀ Gmail tàbí Yahoo, ibẹ̀ ni sáfà ti máa ní rárá. Ohun tó sọ fún yín nìyẹn, ó sì dáa bó ṣe sọ ọ́.

Kì í ṣe bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1982 ni Jon Postel gbé ìlànà SMTP jáde nínú ìwé tí wọ́n pè ní RFC 821 (RFC ni wọ́n ń pe àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀). Ẹ ka ìwé yẹn látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí sáfà ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn yunifásítì, àwọn ibùdó ìwádìí àti àwọn ológun Amẹ́ríkà ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà yẹn. Tí sáfà yunifásítì kan bá bá ti èkejì gbé lẹ́tà, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá di ti tẹrútọmọ ní nǹkan bí ọdún 1995 síwájú, àwọn onípolówó ayédèrú rí i pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tí àwọn jẹ́. Wọ́n á wá sáfà kan tí kò mọ̀ wọ́n rí, wọ́n á da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà sí i lọ́rùn, onísáfà á jí láàárọ̀, á rí i pé gbogbo ayé ti dí ọ̀nà mọ́ òun, torí orúkọ tirẹ̀ ló wà lára ẹrù náà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1998, Sendmail, tó jẹ́ pé òun ló ń ṣiṣẹ́ ímeèlì lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ayé nígbà náà, gbé ẹ̀dà 8.9 jáde, ẹ̀dà yẹn kì í bá àlejò gbé lẹ́tà mọ́ àfi tí onísáfà bá dìídì ṣí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, RFC 2476 ya pọ́ọ̀tù 587 (pọ́ọ̀tù ni ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ sáfà) sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà tirẹ̀ lélẹ̀, kí pọ́ọ̀tù 25 lè wà fún sáfà sí sáfà. Oṣù Kẹta ọdún 1999 ni RFC 2554 mú àṣẹ AUTH wá, èyí tí èèyàn fi ń sọ ẹni tó jẹ́ fún sáfà. Kó tó tàn kálẹ̀, ọgbọ́n kan tí àwọn onísáfà ń dá ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ wá gba lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, kí sáfà fi ìyẹn mọ ibi tó ti wá, kó sì fún un láyè ìṣẹ́jú díẹ̀ láti firánṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n àyè kan, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú yín lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wo bí áàpù àti sáfà ṣe ń sọ̀rọ̀ lónìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí i rí. Áàpù á kí sáfà, á ní EHLO. Sáfà á ka ohun tó lè ṣe sílẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 250, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ STARTTLS, ìyẹn àyè láti fi TLS bo ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á lójú ọ̀nà. Áàpù á ní kí àwọn bo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á bò ó, áàpù á tún kí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí ni ìlà 250-AUTH PLAIN LOGIN máa ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó nídìí tí sáfà tó mọṣẹ́ kì í fi í hàn kí wọ́n tó bo ọ̀rọ̀: bí AUTH PLAIN ṣe ń kọ páásíwọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lójú ọ̀nà á tú u láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Áàpù á fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Tí sáfà bá fi 235 dáhùn, ó ti mọ̀ yín. Tó bá jẹ́ 535 ni, kò gbà. Lẹ́yìn 235 yẹn ni àṣẹ MAIL FROM (ẹni tó ń firánṣẹ́) àti RCPT TO (ẹni tó máa gbà á) máa tẹ̀ lé e, á sì gbé lẹ́tà yín lọ síbi tó wù yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò ju báyìí lọ. Nínú Outlook, ẹ wá ibi tó ti kọ "My outgoing server (SMTP) requires authentication", ẹ máàkì í, kẹ́ ẹ sì mú "Use same settings as my incoming mail server". Ẹ yí pọ́ọ̀tù ìfiránṣẹ́ láti 25 sí 587 pẹ̀lú STARTTLS, tàbí 465 pẹ̀lú SSL/TLS. (Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kúrò lórí 465, RFC 8314 ti dá a padà láti ọdún 2018, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.) Pọ́ọ̀tù 25 kò wúlò fún yín nílé, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ dátà ló ti dí i pa. Níbi username, ẹ kọ àdírẹ́sì yín tán pátá, títí kan ohun tó wà lẹ́yìn @.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá àgbà yín. Àyè tí sáfà yín fún gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwé láti firánṣẹ́ láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù, kí wọ́n dí i. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀ ọ́, á fi orúkọ ilé ìwé firánṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí olúkúlùkù, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, máa wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní business centre ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ sikáànù mi máa ń fi ìwé ránṣẹ́ tààrà sí ímeèlì oníbàárà, Gmail ni mo fi ṣe é láti ọdún pípẹ́. Ó ti kọṣẹ́. Ó ń sọ pé "535-5.7.8 Username and Password not accepted". Páásíwọ́ọ̀dù kan náà ni mo sì fi ń wọlé lórí fóònù mi, ó ń ṣí. Oníbàárà ti ń lọ síbòmíràn.*
*– Onísikáànù, Abẹ́òkúta*

Ẹ pẹ̀lẹ́. Páásíwọ́ọ̀dù yín kò ní àbùkù. Google ló yí òfin padà. Láti ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá áàpù àti ẹ̀rọ tó bá ń fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù gangan nìkan wọlé padà. Wọn ò fẹ́ kí páásíwọ́ọ̀dù tó ṣí gbogbo Google yín, àwòrán yín, àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín, wà nínú ẹ̀rọ kan tó jókòó sí ìta gbangba níbi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Tí mo bá wà ní ipò wọn, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn.

Ẹ wọ àkáǹtì Google yín, ẹ tan 2-Step Verification. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí myaccount.google.com/apppasswords, ẹ fún un lórúkọ tí ẹ máa fi rántí, "sikáànù ṣọ́ọ̀bù" fún àpẹẹrẹ. Google á fún yín ní páásíwọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ kan tó jẹ́ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì 16. Lẹ́tà 16 yẹn ni kí ẹ kọ sínú ẹ̀rọ dípò páásíwọ́ọ̀dù yín, láìfi àyè sáàárín wọn. Sáfà ni smtp.gmail.com, pọ́ọ̀tù 587 tàbí 465. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Google máa fi hàn yín, torí náà ẹ wà nídìí ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ta ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ pa lẹ́tà 16 yẹn rẹ́ lórí àkáǹtì yín, ẹ̀rọ ò ní lè lo orúkọ yín mọ́, fóònù yín ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá yí páásíwọ́ọ̀dù Google gangan, gbogbo irú lẹ́tà 16 bẹ́ẹ̀ ló máa kú, ẹ máa ní láti gba tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Outlook.com tàbí Hotmail, ọgbọ́n yìí ò ní bá yín ṣe é. Microsoft ti fòpin sí páásíwọ́ọ̀dù lásán lórí ímeèlì aládàáni láti ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, wọn ò sì fi àyè lẹ́tà 16 sílẹ̀. Áàpù tó bá lè ṣí ojú ewé Microsoft fún yín, tí ẹ sì wọlé níbẹ̀, ni wọ́n máa gbà. Sikáànù tó ti dàgbà kò lè ṣe ìyẹn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sì ń gbé ní London. Mo ní dòméènì, mo ní ímeèlì iṣẹ́ lórí rẹ̀. Oníbàárà mi kan ní Peckham gba lẹ́tà kan, orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi gan-an ló wà lókè rẹ̀, wọ́n ní mo ti yí àkáǹtì báńkì padà, pé kó sanwó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sí èyí tuntun. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó pè mí kó tó sanwó. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mi ò sì rí i nínú Sent mi. Ọmọ mi ní kí n pa ímeèlì náà tì, kí n dúró lórí WhatsApp. Kí ni kí n ṣe?*
*– Aláṣọ òkè, Ìṣẹ́yìn*

Ẹ kú ewu, Ìyá mi. Ẹ bá mi kí oníbàárà yẹn. Ẹni tó pè kó tó sanwó ti gba ara rẹ̀ àti ẹ̀yin náà là. Ẹ má pa ímeèlì yín tì.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ni èyí tí sáfà ń sọ fún sáfà nígbà MAIL FROM, oníbàárà yín kì í rí i. Ìkejì ni èyí tó wà níwájú "From" nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn ń kà, SMTP kò sì wádìí rẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè kọ àdírẹ́sì yín síbẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí oníbàárà yín bá wa wo lẹ́tà náà, tí kò bá tíì pa á rẹ́. Tó bá jẹ́ Gmail ló ń lò, kó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, kó mú "Show original". Lókè ibẹ̀, á rí SPF, DKIM àti DMARC, àyẹ̀wò mẹ́ta tí màá ṣàlàyé nísàlẹ̀, á rí PASS (ó yege) tàbí FAIL (kò yege) níwájú wọn. Ohun tó bá rí ló máa sọ ibi tí olè gbà.

Tó bá jẹ́ FAIL, ẹnì kan láti ìta ló lo orúkọ yín, àpótí ímeèlì yín kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ PASS, ẹ kọ́kọ́ ka àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí àwọn oníjìbìtì máa ń ra dòméènì tó fara jọ ti èèyàn, wọ́n á fi r àti n dípò m, ojú ò ní tètè rí i. Tó bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, tó sì jẹ́ PASS, ẹnì kan ti ní páásíwọ́ọ̀dù yín, ó ń wọlé bí ẹ̀yin ṣe ń wọlé, ó sì ń pa ohun tó kọ rẹ́ nínú Sent. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wo inú Settings, níbi forwarding àti filters. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá pamọ́ sí: wọ́n á pàṣẹ pé kí lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ owó bá wà nínú rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn, kí ẹ̀yin má sì rí i. Yíyí páásíwọ́ọ̀dù nìkan kì í lé àṣẹ yẹn kúrò.

Mo rò pé FAIL ni, tàbí kẹ̀ kí àyè wọn ṣófo pátápátá, torí ọ̀pọ̀ dòméènì oníṣòwò kéékèèké tí mo máa ń wò kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí èèyàn máa kọ sínú DNS dòméènì (àkọsílẹ̀ gbangba nípa dòméènì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni.

SPF, tó jáde nínú RFC 4408 lọ́dún 2006, jẹ́ ìlà kan tó ń ka àwọn sáfà tó láṣẹ láti firánṣẹ́ lórúkọ yín. Ó lè kúrú tó báyìí: v=spf1 mx -all, ìyẹn ni pé sáfà tó ń gba lẹ́tà dòméènì yìí nìkan ló lè fi í ránṣẹ́, kí wọ́n kọ̀ ti ẹnikẹ́ni mìíràn sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni o. Bí wọ́n bá kọ méjì, ìkankan kò ní ṣiṣẹ́. MAIL FROM tí ẹnikẹ́ni kì í rí sì ni SPF ń yẹ̀ wò, ìyẹn ni kò fi lè dá ọ̀rọ̀ yín yanjú.

DKIM, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, ló wù mí jù nínú wọn. Láyé àtijọ́, tí ọba bá rán ìránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọ̀pá ọba ló máa ń mú dání, ẹni tó bá rí ọ̀pá náà ló ń gbà pé ọba ló rán an. DKIM ń ṣe ju ìyẹn lọ, torí ó ń di iṣẹ́ tí wọ́n rán mọ́ ọ̀pá náà. Sáfà yín á fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ṣírò lẹ́tà náà, á sì lẹ èsì ìṣirò mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ kejì, tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, á wà nínú DNS fún gbogbo ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú àkáǹtì báńkì tí ẹ kọ, ìṣirò ò ní bára mu mọ́.

DMARC, RFC 7489 ti ọdún 2015, ló wá so méjèèjì mọ́ àdírẹ́sì "From" tí èèyàn ń fojú rí. Ó ń béèrè pé: dòméènì tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí, ṣé òun ni dòméènì tí wọ́n kọ síwájú? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin onídòméènì lẹ máa sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: p=none, kí wọ́n ṣáà máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín; p=quarantine, kí wọ́n sọ ọ́ sí spam; p=reject, kí wọ́n má gbà á rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú none fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ lè rí i pé lẹ́tà tiyín ń yege, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí reject. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ń fi none síbẹ̀, wọ́n á sì sùn lọ. Pẹ̀lú none, Gmail á rí i pé ayédèrú ni lẹ́tà tó ń lọ sí Peckham, ó ṣì lè gbé e fún oníbàárà yín, torí ẹ̀yin kò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń bá yín tọ́jú dòméènì ló máa ṣe gbogbo èyí, kò sì gba ọjọ́ kan tán. Ẹ sọ fún un báyìí: "Mo fẹ́ SPF, DKIM, àti DMARC tó máa parí sí reject." Tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn. Kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà yín pé ẹ̀yin kì í yí àkáǹtì báńkì padà nínú ímeèlì, pé kí wọ́n pe nọ́ńbà yín tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston ni mí. Láti inú wẹ́búsáìtì ẹgbẹ́ ni mo ti ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ímeèlì Yahoo mi ni mo sì ń fi síwájú From kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Ìdajì wọn ní àwọn ò rí i, àní nínú spam pàápàá.*
*– Akọ̀wé ẹgbẹ́, Houston*

Wọn ò lè rí i láé bí ẹ ṣe ń ṣe é yìí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti fi p=reject sórí yahoo.com. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé lẹ́tà tó bá jẹ́ orúkọ Yahoo tí kò ti ọ̀dọ̀ Yahoo wá, kí wọ́n dá a nù. Sáfà wẹ́búsáìtì yín kì í sì í ṣe ti Yahoo. Àwọn tó ń gbà á ń tẹ̀ lé òfin, kì í ṣe pé wọ́n ń bá yín jà.

Ẹ fi àdírẹ́sì orí dòméènì ẹgbẹ́ síwájú From, kí ẹ fi ti Yahoo yín sí Reply-To. Ẹni tó bá dáhùn, ọ̀dọ̀ yín náà ló máa dé. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe wẹ́búsáìtì náà jẹ́ kó máa wọlé sínú SMTP dòméènì ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù lórí pọ́ọ̀tù 587, dípò kó kàn máa ju lẹ́tà síta láìsọ ẹni tó jẹ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Gmail àti Yahoo ti ní kí gbogbo olùfiránṣẹ́ ní SPF tàbí DKIM ó kéré tán. Ní ti Gmail, ẹni tó bá ń fi 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú àyè tí èèyàn lè fi ìtẹ̀ kan yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹgbẹ́ yín kò pọ̀ tó ìyẹn, àmọ́ ẹ fún àwọn èèyàn yín láyè àtiyọ orúkọ. Ẹni tí kò bá rí i yọ, spam ló máa tẹ̀, àwọn tó kù ló sì máa jìyà rẹ̀.

*Ẹ káàsán o, Àǹtí. Tí sáfà bá ti mọ̀ mí, tí TLS sì ti bo ọ̀rọ̀, ṣé mo lè fi nọ́ńbà káàdì ATM mi ránṣẹ́ nínú ímeèlì?*
*– Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Rárá o, jọ̀ọ́. Láti fóònù ẹ sí sáfà tìẹ ni TLS bo ọ̀rọ̀, ó sì sábà máa ń bò ó láti sáfà tìẹ sí ti ẹni tó ń gbà á. Nínú sáfà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà náà ṣí sílẹ̀. Èmi tí mò ń tọ́jú sáfà lè kà á tí mo bá jẹ́ èèyàn burúkú. Ó sì máa jókòó sínú àpótí ẹni tó gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àṣírí tí ó gbọ́dọ̀ gba ímeèlì kọjá, áàpù ímeèlì Thunderbird ti ní OpenPGP, ohun tó ń ti lẹ́tà pa, nínú láti ọdún 2020, ìwọ àti ẹni tí o kọ̀wé sí nìkan ló máa lè ṣí i. Nọ́ńbà káàdì ATM kò sí lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Má fi ránṣẹ́.

*Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá ti kà lórí láptọ́ọ̀pù, mi ò ní rí i lórí fóònù mọ́. Ó ń já mi láyà pé ọjọ́ kan lẹ́tà àwọn ọmọ mi á sọ nù.*
*– Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. POP3 ni láptọ́ọ̀pù yín ń lò. Iṣẹ́ POP3 ni kó kó lẹ́tà wá sílé, kó sì nu ojú sáfà, torí nígbà tí wọ́n ṣe é, àyè orí sáfà kéré, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n. Ó dáa kí èèyàn já okùn lẹ́yìn tó bá ti gba lẹ́tà tán. IMAP, tí Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ní Stanford lọ́dún 1986, ń jẹ́ kí lẹ́tà wà lórí sáfà, kí fóònù àti láptọ́ọ̀pù jọ máa wo ẹyọ kan náà.

Lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ wá "Leave messages on server" nínú láptọ́ọ̀pù, kí ẹ máàkì í. Kò sí lẹ́tà tuntun tó máa sọ nù láti ìgbà yẹn lọ. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ yín kan tó mọ̀ ọ́n bá yín fi àkáǹtì kan náà sí Thunderbird lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí IMAP, pọ́ọ̀tù 993, SSL/TLS. Kó má pa ti POP3 rẹ́ o! Inú rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wà, kò sì sí níbòmíràn. Kó ṣí ti POP3 lápá òsì, kó máa fa àwọn lẹ́tà àtijọ́ láti inú rẹ̀ sínú fódà ti IMAP, wọ́n á máa gòkè lọ sórí sáfà. Àwòrán ọmọ-ọmọ máa wúwo, kí wọ́n wo àyè tó kù lórí sáfà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ti 2015 lónìí, ti 2016 lọ́la, kí dátà má baà tán lágbede méjì. Tí ẹ bá ti rí ọdún kan pé lórí fóònù, ẹ bọ́ sí èyí tó kàn.